Oṣù kọkànlá lẹ́yìnkùlé wa ní UK: ẹyẹ àti ẹranko wo lẹ ń rí, kí la sì lè ṣe fún wọn?

Àbẹ̀kẹ́, Stockport

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará, ẹ sì kú òtútù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tó ní ẹ̀yìnkùlé ni. Nígbà tí a wà ní fúláàtì, àfi ẹyẹlé tó ń yàgbẹ́ sójú fèrèsé ni mo mọ̀ lẹ́yẹ. Ní báyìí tí igi ti ń wọ́wé, mò ń rí ohun tí mi ò lórúkọ fún.

Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà ní ìdí fẹ́ǹsì tó so èso pupa wẹ́wẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀wọ́ ẹyẹ kan ti ń dà bò ó láràárọ̀. Àyà wọn ní tóótòòtó, ìlà funfun wà lókè ojú wọn, abẹ́ apá wọn sì pọ́n. Tí mo bá fi lè ṣílẹ̀kùn báyìí, wọ́n ti lọ. Lálẹ́ ẹ̀wẹ̀, nǹkan kan ń ké lórí igi aládùúgbò. Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa láti Ìbàdàn ní òwìwí ni, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ilẹ̀ ọ̀hún sì rèé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ti ń ṣú! Ọmọ mi ní dandan, òun fẹ́ fún àwọn ẹyẹ lóúnjẹ. Kí ni ká fún wọn? Kí ni ká má fún wọn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ọlọ́gbà, Kent

Ẹ kú ilé tuntun. Redwing ni wọ́n ń pe ẹyẹ yẹn. Àlejò ni. Scandinavia àti Iceland ni wọ́n ti ń sá wá tí òtútù ibẹ̀ bá ti fẹ́ le, wọ́n á sì wà lọ́dọ̀ wa títí di nǹkan bí oṣù kẹta. Òru ni wọ́n máa ń rìn. Ẹ jáde lálẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀: ẹ ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan lókè orí yín, "tsíì", lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ òmíràn á tún dún. Àwọn ló ń pe ara wọn nínú òkùnkùn.

Ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ láàárín wọn, tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Fieldfare nìyẹn, wọ́n jọ máa ń rìn ni. Èso hawthorn ni igi ẹlẹ́gùn-ún yín so, òun ló ń fà wọ́n. Tó bá tán, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ wá jẹ ápù tó já. Nítorí náà, ẹni tó bá ní igi ápù, kó má gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Blackbird náà ńkọ́, ẹyẹ dúdú ẹlẹ́nu pípọ́n tí gbogbo wa mọ̀? Àwọn tó wà lọ́gbà yín lóṣù yìí lè má jẹ́ àwọn tó kọrin fún yín lóṣù karùn-ún. Ọ̀pọ̀ ló ń ti Scandinavia àti Jámánì wá lo ìgbà òtútù níbí. Èyí tó máa ń jọ mí lójú jù ni goldcrest. Gíráàmù márùn-ún sí mẹ́fà ni gbogbo ara rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju owó ẹyọ 20p lọ, síbẹ̀ ó ń fò kọjá Òkun Àríwá ní ìgbà ìwọ́wé. Tí ẹ bá rí ẹyẹ bíńtín kan tó ní ìlà àwọ̀ ìyeyè lórí, tó ń tú inú ewé igi tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ títí ọdún fi ń parí, ẹ kí i kú ìrìn.

Adékúnlé, Birmingham

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mo dọ̀bálẹ̀. Òwìwí ni lóòótọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tawny owl. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ nípa rẹ̀, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí igbe rẹ̀ fi máa ń pọ̀ jù lóṣù kẹwàá àti ìkọkànlá. Àwọn ọmọ tí wọ́n pa lọ́dún yìí ti dàgbà, òbí wọn ti lé wọn jáde, oníkálukú ń wá ilẹ̀ tirẹ̀. Ìjà ààlà ni ẹ ń gbọ́ yẹn. Akọ ló ń ké "hùú", tó máa dákẹ́ díẹ̀ kó tó tún fa ohùn gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n; abo ló ń dáhùn "kí-wíìkì". Kí Màmá fetí sí i dáadáa, wọ́n á gbọ́ pé ohùn méjì ni.

Eku ló ń jẹ o. Ẹni tí òwìwí ń gbé nítòsí rẹ̀ ti rí ẹni bá a ṣọ́ ilé lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́, Stockport

Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ìjà ilẹ̀ ni, ó ti yé àwọn, pé irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ní kí n pa fèrèsé dé.

Ìyá Ìbejì, Lewisham

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ dúró di oṣù kìn-ín-ní tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ń wá ẹni tó máa fẹ́. Tí abo rẹ̀ bá figbe ta lóru, ẹ ó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ní báyìí, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yìí ló ń fi ilé sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pàdé wọn káàkiri títì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ò bẹ̀rù ẹnì kankan. Ẹ má gbé báàgì ìdọ̀tí síta mọ́jú. Àárọ̀ ọjọ́ tí káńsù ń bọ̀ ni kí ẹ gbé e jáde, kí egungun adìẹ sì wà nínú bíìnì olómorí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ fún un lóúnjẹ, ó ti kọ́ ọ láti máa kan ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò.

Ariwo ojúmọmọ ti parakeet ni lọ́dọ̀ wa, ẹyẹ aláwọ̀ ewé onírù gígùn tó bá odídẹrẹ́ tan. Áfíríkà àti Éṣíà ni ìran wọn, ṣùgbọ́n òtútù ibí kò jọ wọ́n lójú. Tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, wọ́n á máa kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ síbi tí wọ́n ń sùn, ariwo á gba ọ̀run. Ẹ mú Màmá wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan, ara wọn á yá.

Yétúndé, Leeds

Ẹ jẹ́ kí n dé orí oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni a ti máa ń fi inú rere ṣèbàjẹ́.

Ẹ̀pà: wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀pà yíyan oníyọ̀ inú ìgò tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Iyọ̀ ò dára fún ẹyẹ rárá. Ẹ̀pà tútù tó ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà kò dáa, torí èyí tó bá ti ń hu máa ń ní májèlé aflatoxin, ẹ ò sì lè fojú lásán mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n kọ sí lára pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún un ni kí ẹ rà. Ẹ kó o sínú fídà (ohun tí a ń kó oúnjẹ ẹyẹ sí) onírin wínníwínní, kí wọ́n lè máa ṣá a jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ìrẹsì funfun tí a kò fi iyọ̀ sí kò burú. Jọ̀lọ́ọ̀fù kọ́ o! Búrẹ́dì kàn ń kún wọn níkùn ni, kò lágbára tí wọ́n lè fi la òru òtútù kọjá. Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù sí páànù tí a fi yan ẹran, rárá: iyọ̀ àti omi ẹran ti wọ̀ ọ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ wọn níyẹ̀ẹ́. Ọ̀rá màlúù tí wọ́n ń pè ní suet ni ẹ máa rà. Wọ́n máa ń ká a róbótó sínú àwọ̀n. Ẹ bọ́ àwọ̀n yẹn kúrò kó má bàa há wọn lẹ́sẹ̀. Fún robin (ẹyẹ kékeré aláyà pupa), ìdin gbígbẹ tí ẹ ti rẹ sómi, ẹ fọ́n ọn sílẹ̀ tàbí síbi tó rẹlẹ̀. Robin yẹn náà ló ń kọrin nídìí iná títì láago mẹ́rin òru. Akọ àti abo ló ń kọrin nígbà òtútù, torí oníkálukú ń ṣọ́ ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ títí ìgbà ìfẹ́ra fi máa dé.

Omi mímọ́ nínú àwo pẹlẹbẹ, lójoojúmọ́. Tó bá dì, ẹ da omi tí kò gbóná jù lé e. Ẹ má fi iyọ̀ yọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ gan-an rèé: ìmọ́tótó. Láti nǹkan bí ọdún 2005 ni àrùn kan tó ń jẹ́ trichomonosis ti ń pa greenfinch, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé kan, nílẹ̀ yìí, títí wọ́n fi kó ẹyẹ náà mọ́ àwọn tó wà nínú ewu jù lọ́dún 2021. Ọ̀fun ló ń bà jẹ́. Ẹyẹ tó ní i kò lè gbé oúnjẹ mì, yóò pọ̀ ọ́ padà, òmíràn á sì wá ṣa á jẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ti ń jẹun pọ̀ ló ti ń ràn, pàápàá orí tábìlì pẹlẹbẹ tí oúnjẹ àná àti ìgbẹ́ òní jọ wà. Nítorí náà, fídà tí a ń gbé kọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níta, kì í ṣe nínú síńkì ìdáná, kí ẹ sì máa ṣí i nípò. Tí ẹ bá rí ẹyẹ tó wú ìyẹ́ sílẹ̀, tó jókòó gẹlẹtẹ, tí kò sá nígbà tí ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kó gbogbo fídà wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ẹni tí kò ní àyè àtifọ̀ ọ́, kó má gbé e kọ́ rárá. Kó gbin igi eléso dípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le létí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Káyọ̀dé, Milton Keynes

Ẹ ṣé, Àǹtí Yétúndé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Lọ́dọ̀ tèmi, àwọn ló ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ata gígún ni mo wá ń pò mọ́ ọn báyìí. Ẹyẹ ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ọ̀kẹ́rẹ́ tọ́ ọ wò, ó sá lọ mu omi.

Bàbá Ọlọ́gbà, Kent

Òótọ́ ni Káyọ̀dé sọ, ata kì í ta ẹyẹ. Ṣebí ẹyẹ náà ló ń jẹ ata wẹ́wẹ́ nílé, tó ń yàgbẹ́ hóró rẹ̀ káàkiri oko. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ sójú ọmọ yín lẹ ó mọ̀. Ó sì lè ṣe ẹranko náà lójú. Fídà tó ní àgọ́ onírin yí ká ló dára jù: ẹyẹ kékeré á wọlé, ọ̀kẹ́rẹ́ á dúró síta máa wò.

Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú yìí kì í kúkú ṣe onílé. Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Cheshire lọ́dún 1876, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tó jẹ́ ọmọ ilé. Lóṣù yìí ó ń ri hóró èso mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Tí ẹ bá rí ihò kéékèèké nínú ìkòkò òdòdó yín, òun ni.

Alájọ, Coventry

Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ èkúté ilé. Ẹ jẹ́ n dárúkọ rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ máa gbé síta, kí ẹ gbá èyí tó jábọ́, kí ẹ sì tọ́jú àpò oúnjẹ sínú agolo onírin.

Ẹ̀yin tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé bíi tèmi: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2024, òfin England àti Wales ní kí gbogbo ẹni tó ní adìẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Nítorí àrùn ẹyẹ, bird flu, ni. Ìgbà òtútù ló máa ń le jù, torí àwọn ẹyẹ omi tó ń ṣí wá máa ń gbé e wá. Ẹ má fọwọ́ lásán gbé òkú ẹyẹ, pàápàá pẹ́pẹ́yẹ, swan tàbí àṣá. Ojú ìwé GOV.UK ni ẹ ti máa fi tó wọn létí.

Fọlá, Norwich

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún hedgehog. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún ni, kò ju ohun tó lè wọ inú abọ́ ìfọwọ́ lọ, tí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án á ká jọ. Lóṣù kọkànlá ló ń wá ibi tó máa sùn sí títí di oṣù kẹta. Òkìtì ewé àti igi gbígbẹ ló máa ń yàn, òun náà sì ni àwa ń dáná sun. Tí ẹ bá fẹ́ sun pàǹtírí, ẹ kó o kúrò níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ máa sun ún gan-an, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Ká ní ẹ lè fi òkìtì ewé kan sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní tú, ìyẹn ló dára jù. Ọ̀pọ̀lọ́ náà á bá a gbé níbẹ̀.

Ẹ má fún un ní wàrà, inú á máa ṣe é. Oúnjẹ ológbò oní-ẹran àti omi ni tirẹ̀. Èyí tí kò bá tó nǹkan bí 450 gíráàmù lóṣù yìí kò ní ọ̀rá tó láti la ìgbà òtútù já, èyí tí ẹ bá sì rí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ́sàn-án gangan, ara rẹ̀ ò yá. Ẹ gbé e sínú páálí pẹ̀lú aṣọ, kí ẹ lo ìbọ̀wọ́ o, kí ẹ sì pe British Hedgehog Preservation Society, wọ́n á júwe ẹni tó sún mọ́ yín. Ohun kan tó kù: ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì, sẹ̀ǹtímítà 13 níbùú, 13 lóòró. Ó ń rìn jìnnà lálẹ́, ọgbà ẹnì kan ṣoṣo kò tó o jẹ.

Dúpẹ́, Reading

Àwòdì ni tiwa. Red kite, ó ń rà bàbà lórí òrùlé wa látàárọ̀ dalẹ́. Ó ti parun pátápátá ní England tẹ́lẹ̀. Láti 1989 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà wá, àwọn òkè Chilterns tó wà nítòsí wa sì wà lára ibi tí wọ́n tú u sí. Àwọn kan ń ju ẹran sí i lọ́gbà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ń já sáńwíìsì gbà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé.

Olùkọ́, Ìbàdàn

Mo ń yọjú láti ilé ni o. Ẹyẹ tí ẹ̀ ń wá kiri lọ́gbà yín, lára wọn wà lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù kẹwàá ni yellow wagtail ti dé, ẹyẹ aláyà ìyeyè tó ń mi ìrù lórí pápá bọ́ọ̀lù iléèwé wa. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó mọ̀ pé Yúróòpù ló ti ń bọ̀.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń sùn ní Ebbaken-Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River ju mílíọ̀nù kan lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ti UK tiẹ̀ ń kọjá ọ̀dọ̀ wa lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n fi òrùka sẹ́sẹ̀ ọ̀kan ní Staffordshire lóṣù karùn-ún 1911. Oṣù kejìlá 1912 ni wọ́n rí i ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Labalábá gan-an ń ṣe é: painted lady, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn àti dúdú, ń gba orí aṣálẹ̀ Sahara kọjá wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àsìkò yìí.

Mo tún gbọ́ pé lékeléke ti ń yé ẹyin lọ́dọ̀ yín?

Bàbá Ọlọ́gbà, Kent

Bẹ́ẹ̀ ni, Olùkọ́. Somerset ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i tó pamọ níbí, lọ́dún 2008. Nínú pápá màlúù náà ni, kò yí ìwà padà. Ẹ̀yin ọmọdé ẹ wá tọrọ èékánná funfun.

Ìyá Ìbejì, Lewisham

Àbẹ̀kẹ́, fún ọmọ yín: ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, máa ń ní kí gbogbo ènìyàn jókòó fún wákàtí kan kí wọ́n ka ẹyẹ ọgbà wọn. Láti 1979 ni. Iye tó pọ̀ jù tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹyẹ kan wá tó lọ, kí ológoṣẹ́ kan má bàa di ogún. Àwọn ìbejì mi máa ń bá ara wọn jà lórí pẹ́ńsù.

Àbẹ̀kẹ́, Stockport

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ra fídà onírin. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan dé o. Lánlọ́ọ̀dù fi ìwé ránṣẹ́ lónìí pé òun ń rán ẹni tó máa gé igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn àti ivy, ìtàkùn tó wà lára fẹ́ǹsì, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé òfin gbà á láyè?

Bàbá Ọlọ́gbà, Kent

Òfin ò kọ̀ ọ́ lóṣù yìí. Ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò ni òfin ọdún 1981 (Wildlife and Countryside Act) dáàbò bò, kò sì sí ẹyẹ tó ń sàba nínú igi yẹn báyìí. Torí náà, ẹ má bá a jà, ẹ bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ ní kó sún un di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì: nígbà yẹn èso hawthorn á ti tán, ẹyẹ ò sì ní tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìtẹ́. Ti ivy le díẹ̀ sí i, torí òdòdó rẹ̀ ni oyin ń jẹ kẹ́yìn lọ́dún, ìgbà tí òtútù bá ń lọ sópin ni èso rẹ̀ sì ń pọ́n, nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn mọ́ fún ẹyẹ. Tó bá taku, ẹ ní kó gé iwájú tó kọjú sí títì kó fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì, kì í ṣe lórí fóònù.